Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Fi Ohùn Mi Bò

Ọdún tí wọ́n fi ọ̀dà pupa fa àmì sára ògiri ilé wa ni. Mi ò mọ iye tí àwọn tó kàwé ń ka ọdún náà sí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń gbé Ajah láti ìgbà yẹn á rántí, torí kì í ṣe ògiri tiwa nìkan ni wọ́n fàmì sí. Wọ́n fẹ́ fẹ ẹsipírẹ́ẹ̀sì, ilé tí wọ́n bá sì ti fàmì sí, wọ́n á wó o. Katakata ń hú ilẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. A ó bo oúnjẹ, a ó bo omi, síbẹ̀ iyanrìn á máa ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ léyín wa bí a bá ń jẹun. Ọdún yẹn rẹ̀ mí. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi àgbà ti lọ sílé ọkọ àti ibi iṣẹ́ wọn, àbígbẹ̀yìn mi ọkùnrin nìkan ló kù lọ́dọ̀ mi.

Iṣẹ́ táìsì ló ń ṣe. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Oǹdó, ni wọ́n jọ kọ́ ọ, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ń tẹ́ ilẹ̀ àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n ń kọ́ ní Lẹ́kkí Phase 1. Ọmọ náà ga, ó gbẹ, bó bá rẹ́rìn-ín nínú ọgbà wa, adìyẹ á sá. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń wá. Á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Màmá, gbogbo àwọn ọmọbìnrin yín ti lọ sílé ọkọ, ṣé ẹ ò ní fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi ni?"

Èmi náà á ní, "Ẹnu ẹ yẹn ló yẹ kí wọ́n fi táìsì bò!"

Nígbà tí òjò ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, ọmọ Oǹdó yẹn já bọ́ láti orí pákó ní ilé alájà mẹ́ta kan. Ọjọ́ kejì ló kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá gbé e lọ sí Oǹdó, ọmọ mi bá wọn lọ. Ìgbà tó padà dé, kò sọ̀rọ̀ mọ́. "Ẹ káàárọ̀, Màámi." "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Màámi." Ó parí. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á bu ṣíbí mẹ́ta, á gbé e padà. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, á ti kásẹ́ẹ̀tì kan bọ inú rédíò bàbá rẹ̀, á sì jókòó tì í.

Báwo ni kí n ṣe sọ ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn? Ó dà bíi kí òjò máa rọ̀ sórí páànù, kí ẹnì kan máa lọ ata lábẹ́ páànù náà, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kan síta lẹ́yìnkùlé tó ń ké kí wọ́n ṣí i. Kò sí ibi tó ti rọlẹ̀. Kò sí ibi téèyàn lè jó sí. Ó kàn ń lọ ṣáá bí ohun tí nǹkan ń lé. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, "Kí nìyẹn?" Ó ní, "Orin ni, Màámi." Mo ní, "Orin kẹ̀?" Mi ò béèrè mọ́. Mo padà sídìí ẹ̀gúsí tí mò ń ṣà.

Lójú tèmi, kásẹ́ẹ̀tì yẹn ti gbó ni. Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni ọkọ mi ṣe títí ó fi kú, òun ló sì kọ́ mi pé bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti ń ṣe ṣàà, ayé rẹ̀ ti parí, ohun tó kù tó wúlò fún ni kéèyàn gba nǹkan mìíràn sí i. Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń jẹ́ kí ọmọ mi jókòó ti kásẹ́ẹ̀tì tó ti kú. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó sì tún ń bí mi nínú, torí ariwo tó wà lóde tó wa tẹ́lẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi níbí kó lè yé èèyàn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, a ò kàwé. Òun ń gbé ní abúlé ẹlẹ́ja kan létí ọ̀sà, lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Láti ìgbà tí a ti wà ní ìyàwó tuntun, kásẹ́ẹ̀tì ni lẹ́tà wa. Bí mo ṣe ń sọ èyí tí o ń bá mi kọ sínú ìwé yìí náà ni mo ṣe máa ń sọ ọ́ sínú rédíò. Màá sọ tèmi sí apá kan, màá fi rán dírẹ́bà ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, òun á gbọ́ ọ, á sọ tirẹ̀ sí apá kejì, á fi ránṣẹ́ padà. Bí a bá ti gbọ́ ara wa tán, a ó tún sọ òmíràn lé e lórí. Fóònù ti dé nígbà tí mò ń wí yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ò gbà á. Ó ní ọ̀rọ̀ orí fóònù dà bí ìgbà tí ẹnì kan dúró lẹ́yìn òun tó ń ti òun. Kásẹ́ẹ̀tì lòun fẹ́, kí òun lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Lọ́sẹ̀ yẹn, rédíò jẹ kásẹ́ẹ̀tì wa. Okùn rẹ̀ yọ síta, ó lọ́ mọ́ra bí irun tí wọ́n tú. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kún inú mi. Wọ́n ti fàmì sí ilé, mi ò mọ ibi tí à ń lọ, ọmọ mi ò jẹun. Ọjọ́bọ̀ ni. Ọmọ mi ti lọ síbi iṣẹ́ kan ní Ṣàngótẹ̀dó tí wọ́n á ti sùn títí di ọjọ́ Ìsinmi. Mo ṣí rédíò, mo bá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níbẹ̀. Mo gbọ́ díẹ̀ lágbedeméjì apá kìíní, ṣàà. Mo yí i padà, mo gbọ́ díẹ̀ ní apá kejì, ṣàà. Mo ní èyí ti tó lò.

Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì pupa tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀ ò wọlẹ̀. Ẹni tó bá lo kásẹ́ẹ̀tì rí á mọ̀ pé eyín kékeré méjì máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ohun inú rẹ̀ parẹ́ á ṣẹ́ eyín yẹn dànù, rédíò ò sì ní gbà kí wọ́n sọ̀rọ̀ lé e. Ọmọ mi ti ṣẹ́ ẹ, méjèèjì. Kò sí ohun mìíràn tó tún lè ṣe tó jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àmọ́ ìyàwó atúnrédíòṣe ni mí. Kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù tí mo ti fi bébà di ihò rẹ̀ tí mo sì fi kọ lẹ́tà ò níye. Mo ya etí ìwé ìròyìn, mo rún un, mo fi dí ihò méjèèjì, mo tẹ bọ́tìnnì pupa. Ó wọlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ apá kìíní. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, mo kí àwọn ará ilé rẹ̀, mo sọ ti àmì pupa. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ ti ọmọ mi. Mo ní, "Ọmọ yìí ti di òpó sí mi nílé. Bí mo bá òun sọ̀rọ̀ àbí mo bá ògiri sọ̀rọ̀, ọ̀kan náà ni. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó fẹ́ tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn fún ọmọ." Mo pa rédíò. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, dírẹ́bà ti gbà á lọ.

Ọjọ́ Ìsinmi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọmọ mi náà wọlé. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi dé ìdí rédíò.

"Màámi, kásẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ẹ̀ dà?"

"Èyí tó ti gbó yẹn?"

"Kò gbó. Ó dà?"

"Mo fi kọ lẹ́tà sí màmá ẹ ti Ẹ̀pẹ́."

Ó yíjú wò mí. "Mo ti ṣẹ́ eyín ẹ̀ o."

"Mo fi bébà dí i."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti bàtà. Mo rò pé á pariwo. Kò pariwo. Ó ní, "Àwa la ṣe é, Màámi. Èmi àti òun. Ẹni tó ń ké yẹn, òun ni."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Ó ní ìgbà tí òun sọ pé òun ń gbé rédíò lọ kí wọ́n bá wa fọ orí rẹ̀ tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì, òun ò gbé e lọ fọ̀. Ilé kan tí kò tíì parí ní Ṣàngótẹ̀dó ni wọ́n máa ń gbé e lọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan. Ó ní nínú gbogbo igbe yẹn, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ni, àmọ́ ibi méjì wà tó ti sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀. Ìkan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kìíní, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ orin, tó ń sọ̀rọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Ìkejì wà ní òpin apá kejì.

"Apá wo lẹ sọ̀rọ̀ sí?"

"Apá kìíní."

"Láti ibo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọjà fún. "Apá kejì wá ńkọ́? Ṣé wọ́n á ti fèsì?"

Mo ní, "Á ti máa fèsì."

"Ṣé wọ́n máa ń pẹ́, Màámi?"

Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ pé kíkí nìkan á gba ìdajì kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀! Bó bá kí mi tán, á kí àwọn ará ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, á tún béèrè àwọn tó ti kó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, a wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Ó jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, èmi jókòó lẹ́yìn. Ojú ọ̀nà ti di gegele, ọkọ̀ ń jù wá sókè, ó ń jù wá sílẹ̀, ọrùn ọmọ mi ni mò ń wò láti ẹ̀yìn. Kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ì bá ti dára kó bú mi. Ọmọ kì í bú ìyá, mo mọ̀, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ǹ bá ti gbà á.

Ìdí ààrò la bá ẹ̀gbọ́n mi, ó ń yí ẹja. Bó ti rí wa, amúga já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n mi. Kásẹ́ẹ̀tì la bá wá."

"Kásẹ́ẹ̀tì! Ẹ̀yin méjèèjì, láàárọ̀ kùtùkùtù, nítorí kásẹ́ẹ̀tì! Mo tilẹ̀ ti fèsì lánàá. Dírẹ́bà ì bá gbà á lọ́sàn-án yìí." Ó wá gbá mi mọ́ra. "Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ó dáa tí o jẹ́ kí n gbọ́ ariwo katakata yẹn. Mo gbọ́ ọ dé òpin, mo tún yí apá kejì, mo gbọ́ ọ. Mo ní ṣé bí ẹ ṣe ń sùn nìyí? Mo sunkún."

Mo wo ọmọ mi. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tó gbé e mì.

"Màmá," ó ní, "báwo ni èsì yín ṣe gùn tó?"

"Èsì mi? Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo sọ."

Èmi àti ọmọ mi wo ara wa. Ìgbà àkọ́kọ́ láti àná nìyẹn.

A sọ fún un pé ohùn ọ̀rẹ́ ọmọ mi tó kú wà ní òpin apá kejì, a sì wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi gbé rédíò rẹ̀ sórí àpótí. Ọmọ mi ní apá kìíní lòun á kọ́kọ́ gbọ́, kí òun mọ ohun tó ṣẹ́ kù. Ó yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ohùn mi sì jáde. Mo fẹ́ dìde. Ẹ̀gbọ́n mi di ìró mi mú: "Jókòó jàre! Ohùn ara ẹ lò ń sá fún?" Ni mo bá jókòó, mo ń gbọ́ ara mi bí mo ṣe ń ráhùn. Ó dé ibi òpó, ó dé ibi ògiri. Ó dé ibi tí mo ti ní ẹ̀rù ń bà mí. Ọmọ mi tẹjú mọ́ ilẹ̀, kò gbé e. Lẹ́yìn náà ni nǹkan ró kẹ́kẹ́, ariwo yẹn já wọlé láàárín igbe, bí ẹni tí wọ́n ti ń dá lẹ́kun tipẹ́ tí wọ́n wá yọ ọwọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti rẹ́rìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀ ti lọ. Ohùn mi ló wà níbẹ̀.

A ò pa rédíò. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún wa, kò gbé ojú sókè. "Bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì nìyẹn, èmi ni mò ń lù ú. Èyí tó ń dún ṣìn-ìn yẹn, páànù tí wọ́n fi ń ru kọnkéré ni. Gìtá nìyẹn. A yá a lọ́wọ́ ọmọ onílé kan ní Lẹ́kkí Phase 1, òun ló kọ́kọ́ jẹ́ ká gbọ́ irú orin yìí nígbà tí à ń tẹ́ ilé wọn. Blákì mẹ́tàlì ni wọ́n ń pè é. Àwọn òyìnbó tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń jẹ́ kó ró bẹ́ẹ̀ ni, kò ní mọ́ létí. Ọ̀rẹ́ mi wá ní àwa náà ti ní rédíò tó lè ba nǹkan jẹ́ dáadáa."

Mo ní, "Èdè wo ló ń sọ?"

"Yorùbá ni, Màámi."

Yorùbá. Mo ti gbọ́ ọ lójoojúmọ́ fún odidi oṣù kan, mi ò mọ̀ pé Yorùbá ni. Mo ní kí ló ń wí. Ó ní ó ń ka àwọn ilé tí wọ́n ti ṣe. Pálọ̀ tí wọ́n tẹ́, ilé ìdáná tí wọ́n tẹ́, àtẹ̀gùn tí wọ́n tẹ́, àti bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ò ṣe mọ̀ wọ́n mọ́ lọ́jọ́ kejì tí iṣẹ́ parí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí ló dé tí kò sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́?"

"Bó bá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, Màmá, ta ló máa gbọ́?"

"Báyìí tó pariwo ẹ̀, ta ló gbọ́?"

Apá kìíní parí, ọmọ mi sì yí i padà.

Ẹ̀gbọ́n mi kí mi nínú rédíò. Ó kí mi kú ojúmọ́, kú ọ̀sán, nítorí kò mọ ìgbà tí màá gbọ́ ọ. Ó kí onílé wa. Ó kí ìyàwó onílé. Ó kí ọkọ mi pàápàá, ó wá rántí pé ó ti kú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi dárò lákọ̀tun. Fèrèsé kékeré tó wà lójú rédíò ni mò ń wò, mò ń wo bí okùn ṣe ń tán lọ lápá òsì. Ẹ̀gbọ́n mi náà ń wo ojú wa, ẹ̀rù ti ń ba òun náà.

"Mo ti fẹ́ parí níbẹ̀ yẹn," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Inú rédíò, ohùn rẹ̀ ní, "Ṣùgbọ́n kí n tó dákẹ́..."

Ọmọ mi káwọ́ lérí.

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi sọ ti orúnkún rẹ̀. Ó ní kí n fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí òun bí ó bá ń dà mí láàmú, òun á fi ẹja bọ́ ọ títí á fi sọ̀rọ̀. Ó ní àti pé, àti pé. Nígbà tó yá, a gbọ́ ọ tó pariwo, "Yéè! Ẹja mi ń jóná! Àbúrò, ó dàbọ̀ o!" Ó dákẹ́. Okùn ọwọ́ òsì ti tín-ín-rín bí ìka ọmọdé.

Ariwo náà bẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní, mi ò ní purọ́. Ó ń dùn mí létí. Àmọ́ mo jókòó tì í, mò ń wá ọmọ Oǹdó yẹn nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Igbe náà gùn, ó gùn, ó já. Bọ́kẹ́ẹ̀tì dún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohùn kan wá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó wà nínú yàrá pẹ̀lú wa:

"Ó tó, ó tó. Pa á. Ebi ń pa mí. Ṣé màmá ẹ ti se nǹkan?"

Ohùn ọmọ mi náà ní, "Ìrẹsì ni."

"Ṣé ẹran wà níbẹ̀?"

Rédíò ró tákọ́. Ó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ìró bojú. Ọmọ mi yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi èékánná yọ bébà mi kúrò nínú ihò méjèèjì, ó ju bébà náà sínú ààrò. Ó ní ká máa lọ.

Nígbà tí à ń padà, ẹ̀yìn ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A ti kọjá Ṣàngótẹ̀dó kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màámi, mi ò fẹ́ lọ ibì kankan."

Mo ní, "Mo gbọ́."

Ó rẹ àwa méjèèjì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó jẹun dé ìdajì àwo, mo sì mọ̀ pé kò tíì dárí jì mí. Ó ṣe díẹ̀ kó tó dárí jì mí. Nígbà tó dárí jì mí tán, mo bi í pé kí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ tí mo pa rẹ́. Ó rò ó títí. Ó ní òun rántí ẹ̀rín rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ń kúrò lórí òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí ju ilé wa tí wọ́n wó lọ.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ọmọ mi pé jọ sí ilé ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà, wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tó lè gbé ohun inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní á gé ohùn èmi àti ti ẹ̀gbọ́n mi kúrò, kó lè jẹ́ tàwọn ọmọ yẹn nìkan, kó mọ́. Mo bi wọ́n pé bó bá gé tiwa, ṣé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á padà? Wọ́n ní rárá, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ mọ́.

Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹni tó bá gbọ́ ọ, kó gbọ́ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́, kó sì gbọ́ ibi tí mo dúró sí. Mo wá sọ fún wọn, torí gbogbo wọn ti di ọlọ́mọ, pé bí wọ́n bá gbọ́ ohun tó ń dun àwọn létí nínú yàrá ọmọ wọn, kí wọ́n má bi í bí mo ṣe bi tèmi. Mo ní, "'Kí nìyẹn?' ni mo béèrè. Ẹ̀yin, ẹ béèrè pé, 'Ta nìyẹn?' Kí ẹ sì jókòó, kó sọ ọ́ fún yín."